Tẹlifíṣọ̀n tuntun fún pálọ̀ wa: bí mo ṣe yan LG láàrin orúkọ márùn-ún

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹta, bí a ṣe ń wo ìròyìn lọ́wọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n wa ṣú lójijì, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn kò dúró. A pa á, a tún un tàn. Ohùn ń jáde, àwòrán kò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn dé lọ́jọ́ kejì, ó ní kí a pa iná pálọ̀, kí a sì fa kọ́tìnnì, ó wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ojú tẹlifíṣọ̀n náà láti ẹ̀gbẹ́. Nínú ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ni mo ti rí àwọn ènìyàn tó ń lọ tó ń bọ̀ bí òjìji lẹ́yìn aṣọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, àwòrán wà ńbẹ̀. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú."

Nígbà tó tú u, ó fi àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ funfun hàn mí, tí gílóòbù kéékèèké tò tẹ̀lé ara wọn lórí wọn bí ìlẹ̀kẹ̀; mẹ́ta nínú àwọn gílóòbù náà ti dúdú bí èédú. Nínú irú ìtò bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan tó bá kú lè pa gbogbo ìlà rẹ̀, nítorí pé inú ọ̀kan ni iná ti ń bọ́ sí èkejì. Kí ọwọ́ sì tó kàn wọ́n, ó ní láti kọ́kọ́ gbé ojú tẹlifíṣọ̀n kúrò, ojú tó fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin, tó sì jẹ́ pé bó bá là, owó tí a ó fi ra òmíràn kò jìnnà sí owó tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹ̀ẹ̀kejì tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún méjì nìyẹn. Mo ní kó dì í padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a. Mo ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò, ohun tó sì kọ́kọ́ yé mi ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kọ fún ilé tí iná kì í lọ, níbi tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ti ń jókòó sí ọ̀kánkán tẹlifíṣọ̀n lórí àga kan ṣoṣo. Ilé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tiwa ń lọ, ó ń bọ̀. Àga tiwa yí ògiri mẹ́ta pálọ̀ ká, kí àlejò lè rí ibi jókòó. Mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ yan orúkọ tẹlifíṣọ̀n níbí gbọ́dọ̀ fi nǹkan méjì wọ̀nyí síwájú, kó tó bi ara rẹ̀ léèrè nípa bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń tàn tó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní, ìwé pélébé kan wà tí wọ́n kọ iye fọ́ọ̀tì tó lè gbà sí. Èyí tó bá sọ pé 100 sí 240 dára fún wa, nítorí pé iná lè lọ sílẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́ kó má sì mọ̀ ọ́n lára. Iná tó lọ sílẹ̀ kọ́ ló sábà máa ń pa á bí kò ṣe èyí tó fò sókè, pàápàá ní ìṣẹ́jú àáyá tí NEPA bá dá iná padà, tàbí nígbà tí wáyà tó ń dá iná padà sí tiransifọ́mà bá já lórí òpó, tí iná tó wọlé sì kọjá 300 fọ́ọ̀tì. N kò mọ orúkọ kankan lọ́jà tó lè dúró níwájú ìyẹn. Nítorí náà, mo ya owó sitabiláísà tó dára sọ́tọ̀ kí n tó ya ti tẹlifíṣọ̀n, a sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ pé bí iná bá ti lọ, kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé kí wọ́n tó ki wáyà náà padà. Bákan náà ni fún wáyà eríà nígbà òjò, nítorí pé mànàmáná máa ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà tí a bá rò pé a ti pa gbogbo nǹkan.

Ti iná ẹ̀yìn tó kú yẹn ńkọ́? Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ àgbà. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n máa ń ti inú páálí jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó ga gan-an, nítorí pé ó fẹ́ kí ojú òǹrajà rí òun láàrin ogún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà a gbé e dé ilé, a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tún tiwa ṣe sọ fún mi pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún un pẹ̀lú irú àìsàn yìí ni òun ń bá ìmọ́lẹ̀ wọn ní 100. Èmi ti fà á wálẹ̀ sí 55 báyìí, ojú wa sì ti mọ́ ọn lára kí ọjọ́ méjì tó pé. Orúkọ yòówù kí o rà, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ àga wá kàn, èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jùlọ, tí mo sì rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń sọ ọ́. Nígbà tí màmá mi bá wá sí ọ̀dọ̀ wa, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ràn, nítorí afẹ́fẹ́. Ìgbà gbogbo ni wọ́n máa ń sọ nípa tẹlifíṣọ̀n wa àtijọ́ pé, "Kí ló ṣe àwọn èèyàn inú rẹ̀ tí wọ́n dà bí ẹni tó fi ẹfun para?" A rò pé ojú wọn ni, títí tí èmi fúnra mi fi jókòó sí àga yẹn ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ojú àwọn òṣèré funfun bọ́ọ̀lọ̀ lóòótọ́, aṣọ aláró sì ti di aṣọ eérú. Ohun tó fà á ni irú ojú tí wọ́n fi ṣe tẹlifíṣọ̀n náà. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù lára àwọn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó ń lo iná ẹ̀yìn, èyí tí a ń pè ní LCD: èyí tí wọ́n ń pè ní VA, tí dúdú rẹ̀ dúdú dáadáa lálẹ́ ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí bí ènìyàn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, àti èyí tí wọ́n ń pè ní IPS, tí àwọ̀ rẹ̀ dúró déédéé fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹni tó wà lọ́kàn-ánkán, ṣùgbọ́n tí dúdú rẹ̀ máa ń fẹ́ dà bí eérú bí a bá pa gbogbo iná yàrá. Fún ẹni tó ń dá nìkan wo fíìmù lóru, VA ni. Fún pálọ̀ tí ènìyàn méje yí ká lọ́sàn-án, tí fèrèsé sì ṣí sílẹ̀, IPS ni. Wọn kì í sábà kọ ọ́ sára páálí, nítorí náà ìdánwò kan ṣoṣo tó dájú ni pé kí o kúrò níwájú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí o lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títí tí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri, kí o sì wo ojú ènìyàn, kì í ṣe àwòrán òdòdó àti ẹja tí wọ́n máa ń fi sí i.

Ní báyìí, àwọn orúkọ náà. Orúkọ tó wà níwájú tẹlifíṣọ̀n kì í sábà jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ojú rẹ̀. Láti 2022 ni Samsung ti dáwọ́ ṣíṣe ojú LCD dúró, ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló ti ń rà á. Sony náà ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2025 sì ni ilé iṣẹ́ tó ń bá TCL ṣe ojú gba ilé iṣẹ́ LCD ńlá tí LG ní sí Guangzhou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ẹni tó bá ń bú àwọn ará Ṣáínà, tó sì ń yin àwọn ará Kòríà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú kan náà ló ń wò nínú àpótí méjì. Ohun tí a ń fi owó orúkọ rà ni bí wọ́n ṣe tún àwòrán ṣe nínú rẹ̀, bí ohun tó ń gbé iná fún un ṣe lágbára tó, àti bóyá a ó rí ẹni tó ní ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Sony ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí, nítorí pé ilé bàbá mi ni mo ti wo Trinitron, tẹlifíṣọ̀n Sony àtijọ́, dàgbà, bí Bravia, tẹlifíṣọ̀n wọn ti òde òní, sì ṣe ń tún àwòrán tí kò dára tó ṣe, irú èyí tó ń ti inú dikódà jáde, ó wù mí gidigidi. Owó rẹ̀ ni mo fi kọjá. Samsung lẹ́wà, àwọ̀ QLED rẹ̀ (irú LCD tí wọ́n fi èròjà kan kún kí àwọ̀ rẹ̀ lè tàn sí i) sì ń dán, ṣùgbọ́n kì í gba Dolby Vision, ìlànà tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn inú fíìmù hàn dáadáa, èyí tí ọ̀pọ̀ fíìmù orí Netflix ń lò, ó sì wọ́n ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n kan náà. TCL àti Hisense ni àwọn tí mo gbà pé ó fún ènìyàn ní ohun púpọ̀ jù fún owó rẹ̀ lónìí. TCL ń lo Google TV, ètò Google tó ń darí tẹlifíṣọ̀n, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí áàpù tí a ó wá tì níbẹ̀. Hisense ti ń ṣe ẹ̀rọ láti 1969, ó ra iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Toshiba ní 2018, ó sì ní ilé iṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà láti 2013. VIDAA, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, yá, ṣùgbọ́n áàpù tó wà níbẹ̀ kò tó ti Google. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kánkán ni gbogbo wa ń jókòó sí nílé wa, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ǹ bá rà, ǹ bá sì gba íǹṣì tó tóbi sí i.

LG, tí àwọn àgbà mọ̀ sí GoldStar kó tó gba orúkọ tuntun ní 1995, ni mo wá dúró tì. Ọ̀pọ̀ LCD rẹ̀ ló ń lo irú ojú IPS tí mo ṣàlàyé yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n, ìdí nìyẹn tí n kò fi gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìjẹ́ pé mo dúró sí ẹ̀gbẹ́. Rìmóòtù rẹ̀ tó dára, tí a ń fi tọ́ka sí ojú tẹlifíṣọ̀n bí ìka, jẹ́ kí ó rọrùn fún ìyàwó mi láti tẹ orúkọ fíìmù ní ìdá mẹ́rin àkókò tí ó ń gbà á tẹ́lẹ̀. Ohun tó sì parí ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí mo bi àwọn mẹ́ta tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ìlú yìí léèrè pé èwo ni wọ́n ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà kíákíá ní Alábà, ọjà ẹ̀rọ tó wà ní Èkó, LG wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí o kò bá ṣe nǹkan mìíràn kí o tó rà, lọ béèrè ìbéèrè yẹn ní ìlú tìrẹ. Ìdáhùn lè yàtọ̀. OLED rẹ̀ dára ju gbogbo ohun tí mo rí lọ, láti ọ̀kánkán àti láti ẹ̀gbẹ́, nítorí pé kò ní iná ẹ̀yìn rárá, ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń fi ìròyìn sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí àmì ilé iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kì í kúrò lójú kan, lè rí òjìji àmì náà lórí rẹ̀ títí láé.

Nípa àwọn orúkọ olówó pọ́ọ́kú, n kò ní bú ẹnikẹ́ni tó rà wọ́n, nítorí pé owó kò dọ́gba. Àwọn kan nínú wọn ní gíláàsì méjì lójú, èyí tó wúlò nílé tí ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú pálọ̀. Ohun méjì péré ni kí o ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n kọ Android sára rẹ̀ ni Google kò fọwọ́ sí, nítorí náà Netflix lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tàbí kó má fi àwòrán tó mọ́ hàn. Èkejì ni ìwọ̀n. Íǹṣì ni a ń wọ̀n láti igun kan ojú tẹlifíṣọ̀n dé igun kejì tó dojú kọ ọ́, láìka férémù. 43 gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 109, 50 gbọ́dọ̀ jẹ́ 127. Mo mú téèpù télọ̀ lọ́wọ́ lọ sọ́jà, mo sì bá èyí tí wọ́n pè ní 43 ní ṣọ́ọ̀bù kan tó jẹ́ 101 géérégé, èyí tí í ṣe 40. Ẹni tó ń tà á kò jiyàn, ó kàn gbé e padà sẹ́yìn.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Aṣáájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: ìbátan wa kan gba tẹlifíṣọ̀n ńlá láti Amẹ́ríkà, ó ki wáyà rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì gbọ́ òórùn jíjó kí ó tó rí àwòrán, nítorí pé 120 fọ́ọ̀tì nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Kódà èyí tó bá gba 240 láti ibẹ̀, ohun tó ń gba àwòrán ojú afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ kò bá DVB-T2, ìlànà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán ojú afẹ́fẹ́ jáde níhìn-ín, mu, nítorí náà dikódà nìkan ni yóò máa gbára lé. Ti Ìlú Ọba kò ní ìṣòro yìí, fọ́ọ̀tì wọn àti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ti tòkunbọ̀, iye wákàtí tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ti jó lóhùn-ún kò hàn lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi rà á.

Ní ọjọ́ tí mo rà á, mo ní kí wọ́n tan 43 LG àti 50 kan tó jẹ́ orúkọ mìíràn sí ìkànnì kan náà. Láti iwájú, 50 náà ló wù mí. Nígbà tí mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó rí bí màmá mi ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an, ẹfun lójú gbogbo wọn. Mo ní kí wọ́n fi àwòrán funfun balau sí LG náà kí n lè wá àbààwọ́n, lẹ́yìn náà dúdú kí n lè wo ẹ̀bá rẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò. Mo ki fíláàṣì sí ihò USB méjèèjì, mo gbìyànjú gbogbo ihò HDMI, èyí tí a ń ki wáyà dikódà sí, mo sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sínú rìsíìtì. Ó gbà wá tó wákàtí kan. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, obìnrin tó ní sùúrù púpọ̀, ní kí n jókòó, ó sì fún mi ní omi mu.

Oṣù mẹ́fà ti kọjá báyìí. Kò jẹ iná púpọ̀, ìnfátà wa ń gbé e pẹ̀lú fáànù kan láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun. Àwòrán 4K rẹ̀, èyí tó mọ́ ju HD lọ, kì í sábà wúlò fún wa, nítorí pé ohun tó ń ti dikódà wa jáde kò tó bẹ́ẹ̀, Netflix sì lè jẹ tó gígábáìtì 7 ní wákàtí kan ní 4K nígbà tí HD ń jẹ 3. Dátà wa kò gba ti àkọ́kọ́, mo sì ti dín in kù nínú sẹ́tìn. Ohùn tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni ibi tó kù díẹ̀ káàtó lára gbogbo wọn, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ni ẹnu agbóhùnsókè ọ̀pọ̀ wọn dojú kọ, nítorí náà mo ra ọ̀pá agbóhùnsókè kékeré kan sí i, àwọn tó ń sọ Yorùbá nínú fíìmù sì ti ń yé màmá mi láìjẹ́ pé a gbé ohùn sókè. Wọ́n ṣì ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ń sọ irú àdìrẹ tí òṣèré kan wọ̀ fún wa láti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń nu ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. Aṣọ rírọ̀ tó gbẹ ni kí o lò. Bí eruku ọyẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn, fi omi díẹ̀ tọ́ aṣọ náà, má ṣe fọ́n omi sí ojú tẹlifíṣọ̀n tààrà, nítorí pé omi á ṣàn lọ sí etí ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn wáyà tín-ín-rín tó ń gbé àwòrán wà, ibẹ̀ sì ni ìlà gbọọrọ tó ń dúró lójú tẹlifíṣọ̀n ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Páálí rẹ̀ wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa, fóòmù rẹ̀ pé nínú rẹ̀, mo sì ti lẹ rìsíìtì mọ́ ọn lára. Yóò wà níbẹ̀ títí tí ọjọ́ wọ́ráńtì rẹ̀ yóò fi pé.